Àárín Páálí Tí Mo Fi Sílẹ̀ Fún Yín

Sí Bàbá Àdùkẹ́, ẹni ọ̀wọ̀ tí a kò rí mọ́ lójú ọ̀nà Awoyaya,

Èmi ni Alága gbogbo onílé àti ayálégbé inú ẹsíteèti, alábòójútó géètì iwájú àti géètì ẹ̀yìn, olùdásílẹ̀ òfin ińtálọ́ọ̀kì, òkúta tí a tò sílẹ̀ ẹsíteèti, ní pàtó. Ó ti dé etígbọ̀ọ́ mi pé ọkọ̀ yín aláwọ̀ ewé, èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti ọmọ yín lọ, ń da ọ́ìlì sílẹ̀ káàkiri ẹsíteèti mi bí ewúrẹ́ tó ń tọ̀ kiri. Mo ti wo ilẹ̀. Mo ti ka gbogbo ojú ibi tó kán sí. Mo sì ń fẹ́ kí ẹ jáde wá, ní pàtó, kí ẹ wá ṣàlàyé ara yín níwájú ìgbìmọ̀. Bí ẹ kò bá lè wá nítorí ibi tí ẹ wà báyìí, ẹ fi ẹnìkan ránṣẹ́ tó mọ ibi tí ọ́ìlì náà ti ń jáde.

Ẹ̀-hẹ́n-hẹ̀n. Bí Alága ṣe máa ń wúkọ́ nìyẹn kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó burú.

Bàbá mi, bí ẹ bá ti mọ ẹni tó ń kọ ọ́, ẹ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ná, bí ẹ ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo bá fi aṣọ bo orí tí mo ní èmi ni lánlọ́ọ̀dù, mo wá gba kọ́kọ́rọ́. Ohùn Alága ló rọrùn fún mi jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fi tèmi bẹ̀rẹ̀, bírò yìí ò ní dúró lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú ni, oòrùn ti ń lọ sẹ́yìn ilé Ìyá Onígáàsì. Mo jókòó sórí bíríkì tí ẹ máa ń jókòó lé. Páálí tẹlifísàn ńlá kan tí wọ́n jù nù nínú ẹsíteèti ni mo tú palẹ̀, òun ni mo ń kọ lẹ́tà yìí sí, mo ń kọ ọ́ yí etí rẹ̀ ká. Mo fi àárín sílẹ̀ láìkọ nǹkankan. Ẹ máa mọ ìdí rẹ̀ tí mo bá débẹ̀.

Àdùkẹ́, ọkọ̀ yín, wà níwájú mi, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì ṣí. Lọ́la ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, Alága, Alága gidi, máa dúró ní géètì láti wo abẹ́ rẹ̀. Bó bá kán sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan péré, a ò ní wọlé mọ́. Bí a ò bá sì wọlé mọ́, iṣẹ́ tí Màmá fi ń bọ́ wa parí nìyẹn.

Ẹ ò tíì mọ̀ pé Màmá ti ń wa ọkọ̀, àbí? Màmá tó máa ń di ìjókòó mú bí ẹ bá ti ń sún mọ́ ráńdábáòtù Ajah, kí wọ́n tó wó o, tó máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ búrẹ́kì níbi tí kò sí búrẹ́kì. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ yín, ọkùnrin kan wá wo Àdùkẹ́ láti rà. Ó ti yí i po, ó ti ta táyà nípàá, ó ti na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́. Màmá kàn wò ó, wọ́n ki kọ́kọ́rọ́ bọ inú búbà, wọ́n wọlé lọ. Oṣù méjì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní pápá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wó ilé adìyẹ kan. Wọ́n sì mọ̀ ọ́n wà.

Ní báyìí, ọmọ mẹ́rin ni wọ́n ń kó ní àràárọ̀ láti ẹsíteèti kan nítòsí Ajah lọ sí ilé-ìwé ní Igbó Ẹfọ̀n, wọ́n á sì kó wọn padà lọ́sàn-án. Èmi ni mo ń jókòó tì wọ́n lẹ́yìn, wọ́n ń pè mí ní Àǹtí Ohùn. Mo ń ṣe ohùn tíṣà wọn fún wọn, mo ń ṣe àwọn tó ń ta omi tútù lójú ẹ́síprẹ́ẹ̀sì, mo ń ṣe àwọn bàbá wọn. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ èyí: mi ò lọ sí ilé-ìwé mọ́ láti ìgbà tí mo ṣe JSS mẹ́ta tán. Ẹ má bá Màmá jà. Èmi ni mo ní ó sú mi, kí wọ́n má baà ní láti sọ ọ́ fúnra wọn.

Gbogbo ohùn ni mo ń ṣe. Tiyín nìkan ni mi ò tíì ṣe láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bi mí bí bàbá mi ṣe máa ń sọ̀rọ̀, mo ní mo ti gbàgbé. Irọ́ ni.

Lọ́jọ́bọ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bàbá Géètì, bàbá àgbà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹsíteèti, tó máa ń bu ẹ̀pà fún mi, dúró síwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì wa, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nítorí ọ́ìlì tó ń kán, Alága ti pàṣẹ pé láti ọ̀la, ọkọ̀ yìí ò gbọ́dọ̀ tẹ ińtálọ́ọ̀kì òun mọ́. Màmá bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kì í ṣe ọwọ́ àwọn ló wà. A kó àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé. Nígbà tí a já wọn sílẹ̀ tán, Màmá páàkì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n gbé orí lé síárìn, èjìká wọn ń mì. Wọn ò mọ̀ pé mò ń wò wọ́n nínú díńgí. Àwọn òbí ọmọ wọ̀nyẹn ò ní mú ọmọ wọn rìn wá sí géètì láti wá wọ ọkọ̀. Wọ́n á wá ẹlòmíì.

Bàbá mi, kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe?

Èmi, ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni mo ṣe. Lọ́jọ́ Ẹtì, kí Màmá tó wẹ̀ tán, mo lọ dúró sẹ́yìn kíóòsì tó ń ta káàdì, mo pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ògiri géètì wọn. Mo wúkọ́ bíi Alága. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà wọlé, ní pàtó. Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ohùn kan bá ti wọ̀ mí lára, òun ló máa ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Alága kì í ṣàánú lásán, ó gbọ́dọ̀ so nǹkan mọ́ ọn. Ni ẹnu mi bá ní lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́fà ààbọ̀, òun fúnra òun máa wá wo abẹ́ ọkọ̀ náà.

Wọ́n jẹ́ kí a wọlé. Màmá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí a fi dé Igbó Ẹfọ̀n. Èmi ń wo ojú fèrèsé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí a ṣe já àwọn ọmọ sílẹ̀ tán tí Màmá ń bá òbí kan sọ̀rọ̀, Bàbá Géètì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn mi. Wọ́n ní àwọn pàdé Alága níbi tó ti ń nasẹ̀, àwọn sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí tiwa.

"Àǹtí kékeré, Alága ní àwọn ò pe ẹnikẹ́ni o."

Mo ní bóyá wọ́n ti gbàgbé, àgbà ni wọ́n.

"Wọ́n ní àwọn máa wá lọ́jọ́ Ajé náà ṣá. Wọ́n fẹ́ wo ọkọ̀ yín. Wọ́n sì fẹ́ mọ ẹni tó yá ohùn àwọn lò."

"Ṣé wọ́n bínú ni?"

"Wọn ò bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Bàbá mi, ẹ̀pà tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ náà, mo kó o sápò, mi ò jẹ ẹ́.

Mẹkáníìkì tó wà lójú ọ̀nà ní ó di Ọjọ́rú kí òun tó ráyè, ọkọ̀ mẹ́ta wà nílẹ̀ níwájú òun. Màmá ní kò burú, kí a máa gbàdúrà kí ó má kán. Wọ́n ní èmi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní Sátidé, wọ́n lọ gbá ọ́fíìsì tí wọ́n máa ń gbá. Bí wọ́n ṣe wọ ọkọ̀ èrò tán, mo gbé jáàkì jáde.

Mo wo páálí bí ẹ ṣe máa ń wò ó. Mo rántí gbogbo ẹ̀, ẹ má rò pé mi ò fi ojú sí i nígbà náà. Ní alaalẹ́ ẹ máa ń tẹ́ páálí sábẹ́ Àdùkẹ́, ní àárọ̀ ẹ máa fà á jáde, ẹ máa fi bírò yí ojú ọ́ìlì po, ẹ máa kọ ọjọ́ sí i. Ẹ máa ń kà á pẹ̀lú tíì lọ́wọ́ bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń ka ìwé ìròyìn. Èyí tí mo tẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ojú kan ṣoṣo ló kán sí: abẹ́ sọ́ọ̀m̀pù gan-an, àwo irin tó gbé ọ́ìlì dúró ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Mo ní ọwọ́ ti tẹ olè.

Mo da ọ́ìlì sínú abọ́ ìfọṣọ Màmá. (Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò mọ́.) Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì sọ́ọ̀m̀pù. Wọ́n pọ̀, wọ́n sì ti dípẹtà. Mo ti tú ju ìdajì lọ nígbà tí mo gbọ́ ìró kan, kéréré, bí ìgbà tí ènìyàn bá jẹ ìrẹsì tó ní òkúta. Mo dáwọ́ dúró. Ó tún dún. Mo wá rí i pé ikùn Àdùkẹ́ ti sún mọ́ imú mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Jáàkì ń rì sínú iyanrìn.

Pákó, Bàbá mi. Pákó tí ẹ máa ń tẹ́ sábẹ́ jáàkì ní gbogbo ìgbà, tí ẹ kọ orúkọ sí lára kí ẹnikẹ́ni má baà fi dáná. Ó wà lẹ́yìn ilé. Mi ò rántí rẹ̀ rárá. Mi ò lè dìde jókòó, mi ò lè yíra. Mo fi gìgísẹ̀ wa ilẹ̀, mo ń fi ẹ̀yìn wọ́ jáde, sípánà wà láyà mi, mi ò sì mí. Bí orí mi ṣe jáde tán ni jáàkì dà, Àdùkẹ́ sì jókòó gbì.

Kò balẹ̀ tán. Ó jókòó lé sípíà táyà tí mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ mọ ìdí tí mo fi rántí ìyẹn? Nítorí pé mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹ̀. Mo máa ń fi ohùn wòlíì bi yín bóyá Àdùkẹ́ fẹ́ sùn ni ẹ ṣe tẹ́ ìrọ̀rí fún un. Ẹ kì í dáhùn, ẹ ó kàn fi ẹsẹ̀ ti táyà náà wọlé sí i. Ìrọ̀rí náà ni kò jẹ́ kó jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Mo wà nínú iyanrìn fún ìgbà pípẹ́, mo ń sọ pé ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ṣé ẹ gbọ́?

Mo lọ gbé pákó. Mo padà sábẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ kí n padà, ṣùgbọ́n sọ́ọ̀m̀pù ti ń fì, ọjọ́ Ajé sì ń bọ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo fi gọ́ọ̀mù yí etí rẹ̀ po, odindi túùbù kan, bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì fún ọmọ olówó. Mo dè é padà. Mo fi sílẹ̀ kó gbẹ títí di ìrọ̀lẹ́, mo rọ ọ́ìlì tuntun sí i, mo tẹ́ páálí tuntun. Nígbà tí Màmá dé, mo ti wẹ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà.

Láàárọ̀ yìí, Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní inú ń run mí. Mo fa páálí jáde.

Ó kán. Ojú kan náà. Ó dúdú, ó tóbi tó bọ́tìnì ẹ̀wù.

Mi ò sunkún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo kọ́kọ́ bú Àdùkẹ́. Lẹ́yìn náà mo bú yín, ẹ forí jì mí. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò fi parí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ náà? Bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí sílẹ̀ bó ṣe ṣí báyìí. Ẹ ti dé láti ibi táìlì tí ẹ ń tẹ́, sìmẹ́ńtì ṣì wà ní irun apá yín. Ẹ pè mí kí n wá di tọ́ọ̀ṣì mú, ẹ ní ẹ ti rí ibi tí ó ti ń jò, ẹ fẹ́ kí n fi ojú ara mi rí i. Ẹ ní kí n lọ mú agolo pọ́dà wá. Mo rò pé ooru ló sú sí yín lọ́rùn. Mo mú u wá, mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún ìṣẹ́jú kan, ojú mi wà lọ́dọ̀ Ìyá Onígáàsì níbi tí wọ́n ti ń fi fíìmù hàn. Lẹ́yìn náà ni Màmá pè yín láti inú ilé. Ẹ nu ọwọ́ yín sí àkísà, ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀. Èmi náà sá lọ wo fíìmù mi.

Nígbà tí mo dé, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti wà ní pípadé, ẹ ti sùn sórí àga. Ọjọ́ kẹta ni a gbé yín lọ sílé ìwòsàn. Ẹ ò padà wá fi ibẹ̀ hàn mí.

Mo ṣí búùtù láti wá àkísà tí mo máa fi nujú. Agolo pọ́dà náà wà ní igun, lábẹ́ àpò táìlì yín. Ojú àtàǹpàkò yín wà lára rẹ̀, dúdú, mẹ́ta, mẹ́rin. Mo dì í mú, mo fi àtàǹpàkò mi lé ibi tí tiyín wà. Ó sì wá yé mi. Ẹni tó fẹ́ pa pọ́dà sọ́rùn kì í fi ọwọ́ tó kún fún gíríìsì dì í mú. Àdùkẹ́ ni ẹ fẹ́ pa á fún.

Mo fi ọ̀rá bo gbogbo wáyà iná rẹ̀, mo fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ ẹ́ńjìnnì náà, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo dúró kó gbẹ nínú oòrùn. Mo wá gbọn pọ́dà sí i lókè nílẹ̀, ó funfun bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún. Mo sítáàtì rẹ̀, mo dúró tì í, ojú mi ò ṣẹ́. Fún ìgbà díẹ̀ kò sí nǹkankan. Lẹ́yìn náà, lókè, lókè pátápátá, lẹ́yìn níbi tí ènìyàn ò lè rí àfi tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, pọ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ó fa ìlà kan, tínrín, láti abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí tó wà lórí ẹ́ńjìnnì. Ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ó ń rọra bọ̀, ó dé etí sọ́ọ̀m̀pù, ó rìn yí i ká, ó dúró sí ìsàlẹ̀ gan-an, ó kán.

Òkè ló ti ń bọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ìlẹ̀kùn tí olè ò gbà wọlé ni mo fi gbogbo Sátidé tì.

Nǹkan mìíràn tún wà nínú búùtù, lábẹ́ agolo náà, nínú ọ̀rá: rọ́bà kan tínrín, tó gùn, tó rí wọ́kọwọ̀kọ. Mo ti rò pé bẹ́líìtì ni. Mo gbé e lé orí ìdérí náà. Ó bá a mu, igun sí igun. Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun ni, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò lábẹ́ ìdérí. Ẹ ti rà á sílẹ̀, Bàbá mi. Ó ti wà nínú búùtù ní gbogbo àkókò tí à ń gbé e káàkiri ẹ́síprẹ́ẹ̀sì. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?

Mo ti ṣí ìdérí náà nígbà tí Màmá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Wọ́n bá inú Àdùkẹ́ ní ṣíṣí sílẹ̀, gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà lórí ìró wọn tó dára. Wọ́n dúró. Bíbélì wà lábíyá wọn. Mo rò pé wọ́n máa pariwo. Wọ́n kàn ń wo àwọn nọ́ọ̀tì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ni mo bá tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: géètì, kíóòsì, ohùn Alága, ẹ̀rín músẹ́ rẹ̀, jáàkì tó rì. Nígbà tí mo dé ibi jáàkì, wọ́n fi ọwọ́ di etí bọ́nẹ́ẹ̀tì mú.

Wọ́n bọ́ gèlè. Wọ́n wọlé, mo rò pé pankẹ́rẹ́ ni wọ́n fẹ́ lọ mú. Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n mú wá.

"Lọ́la, wàá sọ ọ́ fún Alága fúnra ẹ. Ẹnu tìrẹ ni kí o fi sọ ọ́, kì í ṣe ẹnu wọn." Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì náà sínú ẹ́ńjìnnì. "Ó yá, ṣe é."

Wọ́n dì í mú dáadáa, Bàbá mi. Kò mì rárá. Mo yọ gáskẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ó ti gan bí ìpékeré, ó ń kán sí mi lọ́wọ́. Mo ha ibi tó wà. Mo fi tuntun sí i. Mò ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ nítorí ẹ̀rù ń bà mí, mo ní ẹ ti fẹ́ ṣe é tẹ́lẹ̀, ó kù díẹ̀, Màmá ló pè yín wọlé.

"Ọjọ́ wo?"

Mo ní ọjọ́ tí ó ku ọjọ́ méjì kí a gbé yín lọ sílé ìwòsàn.

"Mi ò sí nílé lọ́jọ́ yẹn. Ajah ni mo wà, mo lọ gba aṣọ tí mo fún wọn rán. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé."

Nọ́ọ̀tì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, mo gbọ́ ọ bó ṣe ń ta lára irin, kín, kín, ó sì dákẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó ti wọ ihò ọ́ìlì lọ, ó ti parí fún wa.

"Má mira," ni Màmá wí. "Mo ń rí i."

Etí ihò náà ló wà, ìdajì rẹ̀ ti yọrí sínú òkùnkùn. Mo yọ ṣingọ́ọ̀mù tí mò ń jẹ lẹ́nu, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí igi ìgbálẹ̀, mo na án wọlé. Igi náà kàn án, nọ́ọ̀tì náà yí díẹ̀. Màmá fi ọwọ́ kejì wọn di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ìgbà yẹn ni igi náà dúró gbọin. Mo lẹ̀ ẹ́, mo fà á sókè, mo fi sínú àtẹ́lẹwọ́ mi, ó gbóná bí nǹkan tó ní ẹ̀mí.

Màmá ò tíì jẹ́ kí ọwọ́ mi lọ. Wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ní lálẹ́ ọjọ́ tí àwọn ti Ajah dé, ẹ bi àwọn bóyá àwọn pè yín lọ́sàn-án. Àwọn ní rárá. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi ń wúkọ́, ẹ ò sì sọ ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín.

Mo de ìdérí náà bí ẹ ṣe máa ń de nǹkan: láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, kó le bí ẹni so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, kó má sì fún un lọ́rùn. Mo jókòó sídìí síárìn. Mo gbá dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ ṣe máa ń ṣe, pá, pá. Mi ò mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́ kí ó tó jáde lẹ́nu mi: "Àdùkẹ́, ọmọ dáadáa, jí, iṣẹ́ ti yá." Ohùn yín ni, Bàbá mi. Gbogbo ẹ̀, títí dé ibi tí ó ti máa ń ha díẹ̀ ní ìparí. Màmá dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, tọ́ọ̀ṣì ṣì wà ní títàn nínú oòrùn. Wọn ò ní kí n má ṣe é mọ́. Wọ́n ní kí n tún un sọ.

Ó jí. Mo nu ìlà dúdú náà kúrò, mo tún gbọn pọ́dà sí i; ó ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí, pọ́dà náà funfun síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá sùn tó sì tutù ni ọ̀rọ̀ tó hàn. Ìdí nìyẹn tí páálí yìí fi gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ títí di àárọ̀. Mo sì mọ̀ pé mi ò lè tẹ́ ẹ láìkọ́kọ́ sọ òtítọ́ sí i lára.

Kì í ṣe Alága ló kọ lẹ́tà yìí, ìyẹn ẹ ti mọ̀. Kì í ṣe Alága ló pe géètì, ìyẹn mo ti sọ. Kì í ṣe Màmá ló pè yín lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni. Mo ní mo ń lọ mu omi, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn kíṣìnì, mo pe "Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́" bí Màmá ṣe máa ń pè yín, nítorí fíìmù kan tí mi ò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹ gba iwájú wọlé, èmi sì gba ẹ̀yìnkùlé sá jáde. Ẹ wọ ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ̀. Ẹ ti mọ̀ láti ìgbà tí ẹ dé yàrá. Kí ló dé tí ẹ ò fi nà mí? Ṣé ó ti rẹ̀ yín ni ẹ ò fi jáde mọ́, àbí ẹ jókòó láti dúró dè mí? Bí mo bá dúró di tọ́ọ̀ṣì yẹn mú, ṣé ohun kan ì bá yàtọ̀?

Mo ti bi yín ní ìbéèrè tó pọ̀ jù. Etí páálí ti kún, àárín nìkan ló kù, mo sì ti sọ fún yín pé ẹ máa mọ ìdí rẹ̀. Bí mo bá ti kọ ìlà yìí tán, màá tẹ́ ẹ sábẹ́ Àdùkẹ́, ojú funfun yẹn ní abẹ́ sọ́ọ̀m̀pù gan-an. Bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ bá mi wí sí, ẹ mọ ibi tí ẹ máa kán an sí. Màá wò ó láago márùn-ún, màá fi bírò yí i po, màá kọ ọjọ́ sí i, màá sì gbà pé mo jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ní ẹ̀ẹ̀kan yìí péré, ẹ má dá mi lóhùn.

Èmi náà ni, pẹ̀lú ohùn ara mi,
ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín,
tó yẹ kó ti di tọ́ọ̀ṣì mú.